Andrey Markov: Onímọ̀ ìṣirò tó yọ àlàfo kúrò nínú ewì, tí iṣẹ́ rẹ̀ wá di ohun tí kọ̀ǹpútà fi ń pín ọ̀rọ̀

Ẹni tó mọ ìwé kà kì í sábà ronú nípa àlàfo kékeré tó wà láàrin ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Ojú a máa fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àlàfo náà kúrò, tí a sì yọ àmì ohùn kúrò pẹ̀lú rẹ̀, wàhálà dé nìyẹn. Ẹ wo àwọn lẹ́tà wọ̀nyí: babalawo. Ṣé babaláwo tó ń dífá ni, àbí bàbá láwo, ìyẹn ni pé bàbá ní àwo tó fi ń jẹun? Ẹ tún wo olowo. Ṣé olówó ni, àbí ó lówó? Àwa tí a gbọ́ Yorùbá yóò wo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e, a ó sì mọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ èdè kankan. Èèyàn ni yóò kọ́ ọ ní ọgbọ́n tí yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí.

Fún wa, eré lásán ni irú àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé à ń fi àlàfo sínú ìwé wa. Àwọn èdè mìíràn wà tí kì í fi í sí i rárá. Bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń kọ̀wé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Japan, àti àwọn ará Thailand. Ní ti àwọn ará Thailand, wọn kì í fi àmì ìdánudúró sí òpin gbólóhùn pàápàá. Àyè ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n bá fi àyè sílẹ̀ ni gbólóhùn parí sí. Àwọn tó ń ka irú ìwé báyìí lágbàáyé ju bílíọ̀nù kan lọ. Bí kọ̀ǹpútà yóò bá wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé wọn, tàbí tí yóò túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, tàbí tí yóò kà á sókè fún afọ́jú, ó sábà máa ń kọ́kọ́ pín in sí ọ̀rọ̀ àti gbólóhùn ná.

Ọ̀kan lára ọgbọ́n tí àwọn onímọ̀ ti ń lò tipẹ́ fún iṣẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan tó kú ní ọdún 1922, nígbà tí irú kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ lónìí kò tíì dáyé. Andrey Andreyevich Markov ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 1856, ni wọ́n bí Markov ní ìlú Ryazan, tí kò jìnnà sí Moscow. Iṣẹ́ ìjọba ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó ọba. Nígbà tó yá, ó kó ẹbí rẹ̀ lọ sí St. Petersburg, tó jẹ́ olú-ìlú Rọ́ṣíà láyé ìgbà náà, ó sì ń bá ìyáàfin ọlọ́rọ̀ kan tó ń jẹ́ Valvatyeva bójú tó ilẹ̀ àti dúkìá rẹ̀.

Ara Markov kò le ní kékeré. Àrùn wà ní orúnkún rẹ̀, ọ̀pá ni ó sì fi ń rìn títí ó fi tó ọmọ ọdún 10, kí iṣẹ́ abẹ tó jẹ́ kí ó lè dá rìn. Bóyá àìsàn yìí ló jẹ́ kí ó gbà láti kékeré pé ohun tí èèyàn bá fẹ́, àfi kí ó forí tì í. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wọ̀ ní ọdún 1866, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ìṣirò nìkan ni kò sí ẹni tó lè bá a du. Kò tíì kúrò níbẹ̀ tó fi kọ ìwé kan lórí ìṣirò tó le, tó rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó rí ọ̀nà rẹ̀. Ẹlòmíràn ti rí i ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà jẹ́ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì St. Petersburg mọ̀ pé ọmọ kan ń bọ̀.

Ní ọdún 1874, ó wọ yunifásítì náà. Ibẹ̀ ni ó ti pàdé Pafnuty Chebyshev, àgbà onímọ̀ ìṣirò tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù. Ọ̀dọ̀ Chebyshev ni Markov ti kọ́ ìmọ̀ tó ń wo bí nǹkan ṣe lè ṣẹlẹ̀ tàbí kó má ṣẹlẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò fi ń ṣírò owó lónìí. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ oníwúrà nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1878, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1884, nígbà tó sì di 1896, ó ti di ojúlówó ọmọ Àjọ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ibi tí kì í ṣe gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń débẹ̀.

Ìgbéyàwó rẹ̀ pàápàá gba sùúrù. Ọmọbìnrin ìyáàfin tí bàbá rẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́ ni ọkàn rẹ̀ fà sí, Maria ni orúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Ìyá ọmọ kò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ fún ọmọ ẹni tó ń gbowó oṣù lọ́wọ́ òun. Ìgbà tí Markov di ẹni tó ń kọ́ni ní yunifásítì ni ìyá tó yọ̀ǹda, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní 1883. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1903, wọ́n bí ọmọkùnrin kan tí wọ́n sọ ní orúkọ bàbá rẹ̀, òun náà sì di onímọ̀ ìṣirò tó lókìkí.

Ẹni tí kì í gba àbòsí

Àwọn tó bá Markov ṣiṣẹ́ mọ̀ ọ́n ní ẹni tí inú tètè ń bí. Bí ẹnì kan bá kọ ìṣirò tí kò péye, kì í wo ojú onítọ̀hún kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní Andrey oníbìínú. Ṣùgbọ́n ìbínú rẹ̀ kì í sábà jẹ́ nítorí ara rẹ̀. Ohun tó jọ irọ́ tàbí ìrẹ́jẹ ni kì í lè fara dà.

Ní ọdún 1902, àwọn onímọ̀ dìbò yan Maxim Gorky, òǹkọ̀wé tí ìjọba kórìíra, sínú Àjọ náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ àpọ́nlé. Ọba Nicholas Kejì kò fẹ́, wọ́n sì fagi lé ìdìbò náà. Markov kọ̀wé ta ko ìwà náà ní gbangba. Ní 1908, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti fẹ̀hónú hàn, ìjọba pàṣẹ pé kí àwọn olùkọ́ yunifásítì máa ṣọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Markov sọ pé olùkọ́ lòun, òun kì í ṣe amí ìjọba, òun kò sì ní ṣe é. Ní 1912, ó kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì pé kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò nínú ìjọ, nítorí pé wọ́n ti yọ òǹkọ̀wé ńlá nì, Leo Tolstoy, ní 1901. Ìjọ sì kà á sí ẹni tó ti kúrò láàrin wọn. Ní ilẹ̀ tí ọba àti ìjọ ti ń ṣe ìjọba pọ̀, irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè gba iṣẹ́ àti oúnjẹ lẹ́nu èèyàn.

Ìjà tó bí ẹ̀wọ̀n Markov

Nínú gbogbo ìjà tí Markov jà, èyí tó mú kí ayé máa dárúkọ rẹ̀ títí dòní ni èyí tó bá Pavel Nekrasov jà. Onímọ̀ ìṣirò ni Nekrasov náà, Moscow ni ó wà, ó sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kó tó wá sídìí ìṣirò.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mú owó ẹyọ kan. Bí a bá jù ú sókè lẹ́ẹ̀kan, a kò lè sọ bóyá ojú ni yóò kọ sókè tàbí ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí a bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ẹgbẹ̀rún, ojú yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Jacob Bernoulli, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló fi ìdí èyí múlẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1713, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òfin ọ̀pọ̀ iye ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú owó tí à ń jù yìí, ìgbà kan kò kan ìgbà kejì: owó kì í rántí ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀.

Nekrasov wá sọ pé àfi bí ohun kọ̀ọ̀kan bá dá dúró bẹ́ẹ̀ ni òfin yìí tó lè ṣiṣẹ́. Ó sì fi kún un pé, níwọ̀n bí iye ìgbéyàwó àti iye ìwà ọ̀daràn ti ń tẹ̀ lé òfin náà lọ́dọọdún, ẹ̀rí nìyẹn pé ohun tí ẹ̀dá ń ṣe dá dúró, pé ẹ̀dá ní òmìnira láti yan ohun tó wù ú, gẹ́gẹ́ bí ìjọ ṣe ń kọ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí bí Markov nínú gidigidi. Lójú tirẹ̀, ìlòkulò ìṣirò ni. Yálà ẹ̀dá lómìnira tàbí kò ní, ìṣirò kọ́ ni yóò sọ ọ́, pàápàá jù lọ ìṣirò tí kò tọ̀nà. Ní ọdún 1906, ó tẹ ìwé kan jáde tó fi hàn pé òfin Bernoulli lè ṣiṣẹ́ láàrin àwọn nǹkan tí ọ̀kan gbára lé èkejì. Ó ní kí á ronú nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìtẹ̀léra, tí èyí tó kan ń gbára lé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, bí ojú ẹ̀wọ̀n kan ṣe ń so mọ́ èkejì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é ní ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n Markov sì ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí.

Lẹ́tà 20,000

Ní ọdún 1913, ilẹ̀ Rọ́ṣíà ṣe àjọ̀dún ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ìdílé Romanov gorí oyè. Markov kò bá wọn ṣe é. Ó ṣètò àjọ̀dún tirẹ̀: igba ọdún tí ìwé Bernoulli jáde. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ó dìde níwájú Àjọ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì, ó sì sọ fún wọn nípa iṣẹ́ kan tí òun ti fi ọwọ́ ara òun ṣe.

Ó mú Eugene Onegin, ìtàn olóhùn ewì tí Alexander Pushkin kọ, ìwé tí gbogbo ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó kàwé mọ̀. Ó kọ 20,000 lẹ́tà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo àlàfo tó wà láàrin ọ̀rọ̀ ni ó yọ. Gbogbo àmì ìdánudúró ni ó yọ. Ó yọ àwọn àmì méjì inú álífábẹ́ẹ̀tì wọn tí kì í ní ìró tirẹ̀. Ewì tó dùn bí oyin di ọ̀wọ́ lẹ́tà gígùn kan tí kò ní ìdúró. Ó wá to àwọn lẹ́tà náà sí àpótí-àpótí, mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóòró, títí ó fi kún 200 àpótí. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì inú wọn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Fáwẹ̀lì tó kà jẹ́ 8,638, kọ́ńsónáǹtì sì jẹ́ 11,362. Èyí túmọ̀ sí pé nínú 100 lẹ́tà, bíi 43 ni fáwẹ̀lì. Bí lẹ́tà kò bá gbára lé ara wọn, bí owó ẹyọ, 43 nínú 100 náà ni ó yẹ kí fáwẹ̀lì jẹ́ lẹ́yìn lẹ́tà èyíkéyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ibi tí fáwẹ̀lì méjì ti tẹ̀ lé ara wọn jẹ́ 1,104 péré, ìyẹn bíi 13 nínú 100. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì máa ń wá ní bíi 66 nínú 100. Lẹ́tà kan ń fà á kí lẹ́tà tó kàn wá tàbí kó má wá. Síbẹ̀, bí ó ṣe ń ka àpótí kan tẹ̀ lé èkejì, iye fáwẹ̀lì kò kúrò lójú kan. Àwọn nǹkan tó gbára lé ara wọn ni, wọ́n sì tẹ̀ lé òfin ọ̀pọ̀ iye. Kò sí ohun tí Nekrasov lè sọ sí i mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ó tún ka 100,000 lẹ́tà nínú ìwé òǹkọ̀wé mìíràn, Sergei Aksakov, láti mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Ohun tí àwọn ọmọdé ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan lónìí, gègé àti ojú nìkan ni Markov fi ṣe é.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ogun àgbáyé kìíní ti ń jà nígbà tí ìyípadà ìjọba ọdún 1917 dé bá Rọ́ṣíà. Ní ọdún náà, Markov kúrò ní olú-ìlú lọ sí Zaraysk, ìlú kékeré kan, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ibẹ̀ ní ìṣirò láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ti ń bàjẹ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí i. Ìyà ń jẹ gbogbo ìlú. Ní 1921, àgbà onímọ̀ yìí sọ fún Àjọ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì pé òun kò lè wá sípàdé, nítorí pé òun kò ní bàtà. Síbẹ̀, nígbà tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dìde dúró mọ́, ó ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹsẹ̀ tó dà á láàmú ní kékeré ló tún padà dà á láàmú lágbà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, oró sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó kú ní ogúnjọ́, oṣù keje, ọdún 1922, ní ẹni ọdún 66.

Bí àlàfo ṣe padà sínú ìwé

Markov kò rò ó rí pé iṣẹ́ òun yóò wúlò fún ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1948, Claude Shannon, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lo ẹ̀wọ̀n Markov láti fi ṣàlàyé bí ìròyìn ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 26, ṣùgbọ́n 27 ni Shannon kà. Ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n ni àlàfo. Ohun tí Markov yọ dànù, Shannon kà á mọ́ lẹ́tà, nítorí ó rí i pé àlàfo náà ní ohun tó sábà ń ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó sábà ń tẹ̀ lé e.

Láàrin ọdún 1960 sí 1970, Leonard Baum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú ẹ̀wọ̀n náà lọ síwájú: wọ́n kọ́ bí a ṣe lè ṣírò ẹ̀wọ̀n tí ojú kò rí, nípasẹ̀ ohun tí ojú rí. Ní 1967, Andrew Viterbi rí ọ̀nà àbùjá fún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Orí ìwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà tó ń pín ìwé àwọn ará Ṣáínà sí ọ̀rọ̀ dúró lé.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò nira láti yé èèyàn. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fi ọ̀kan nínú àmì mẹ́rin sí orí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: èyí ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, èyí wà láàrin ọ̀rọ̀, èyí ló parí ọ̀rọ̀, èyí dá dúró bí ọ̀rọ̀ kan. Ojú kò rí àmì wọ̀nyí nínú ìwé. Àwọn ni ẹ̀wọ̀n tó fara pamọ́. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ ka ọ̀pọ̀ ìwé tí èèyàn ti fi ọwọ́ pín, á sì ka iye ìgbà tí àmì kan ń tẹ̀ lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí Markov ṣe ka fáwẹ̀lì. Á rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ kì í tẹ̀ lé ìbẹ̀rẹ̀, àti pé àwọn lẹ́tà kan wà tó jẹ́ pé òpin ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn. Bí wọ́n bá wá gbé ìwé tuntun tí kò ní àlàfo síwájú rẹ̀, á wo gbogbo ọ̀nà tó ṣeé gbà pín in, á sì mú èyí tó ṣeé ṣe jù. Bí ó ṣe ń mọ òpin gbólóhùn náà nìyẹn, nítorí kì í ṣe gbogbo àmì ìdánudúró ló parí gbólóhùn. Àwa náà a máa kọ Ọ̀gb. dípò Ọ̀gbẹ́ni, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ.

Àwọn ètò tuntun òde òní ti kọjá ẹ̀wọ̀n Markov. Ojú ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo tó ṣáájú ni tirẹ̀ ń wò. Tiwọn lè wo odidi ojú ewé mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi ara wọn: pẹ̀lú ohun tó ti ṣáájú, kí ló ṣeé ṣe kó tẹ̀ lé e?

Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún èdè tiwa pẹ̀lú. Ohun tí èèyàn bá fi kọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò mọ̀. Àwọn ìwé wa àtijọ́ a máa kọ nígbàtí pọ̀ mọ́ra. Àkọtọ́ òde òní ní kí á pín in sí nígbà tí. Bí àwa tí a ni èdè kò bá fẹnu kò lórí ibi tí àlàfo yẹ kó wà, tí oníkálukú ń kọ ọ́ bó ṣe wù ú, ìdàrúdàpọ̀ wa ni ẹ̀rọ yóò kọ́, òun ni yóò sì máa tún kọ fún àwọn ọmọ wa.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìgbà tí Markov jókòó ka lẹ́tà 20,000, kò sí ẹni tó ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀. Kò gba owó lórí rẹ̀, ìjọba kò yìn ín fún un. Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́: kí ẹnikẹ́ni má fi ìṣirò ti irọ́ lẹ́yìn. Ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá lórí ikú rẹ̀, àwọn ará Ṣáínà àti Japan tó ń fi fóònù wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé wọn kò sì mọ̀ pé àgbàlagbà kan tí kò ní bàtà ló bá wọn la ọ̀nà náà.